Jerica, Agbẹjọ́rò Kòkòrò

Bí o bá fẹ́ kí ọkùnrin abúlé Lipovka pa kẹ́kẹ́, bi í léèrè ibi tí ihò polh rẹ̀ wà. Ọkùnrin yìí kan náà ti sọ ohun tí dókítà rí nínú ikùn rẹ̀ fún ọ tẹ́lẹ̀, ó ti sọ orúkọ tí ìyàwó rẹ̀ pè é nígbà tí wọ́n jà. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kan ihò, ojú ọ̀run ni yóò máa wò bí ẹni tó ń retí òjò.

Polh kì í ṣe ẹran ńlá. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá fẹ́ eku níyàwó, irú ọmọ tí wọn yóò bí nìyẹn: awọ eérú, ojú dúdú ròbòtò, ìrù onírun. Èso igi bukev ló ń jẹ. Tí ọ̀tútù bá ti ń bọ̀, á wọ ihò ilẹ̀ lọ, á sùn títí igi yóò fi tún rúwé. Kó tó wọlé sùn ló máa ń sanra jù, ìgbà náà sì ni àwọn ará Lipovka ń dẹ ẹ̀bìtì onípákó sílẹ̀ dè é. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀ nínú igbó. Bàbá ló ń fi í han ọmọ, ọmọ kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbé ẹ̀bìtì mọ́. Òfin mìíràn sì wà tó le ju ìyẹn lọ. Bí o bá ṣèèṣì bá ènìyàn nídìí ihò, o kò rí i. O kò gbọdọ̀ kí i, o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àti ẹni tó ni ihò gan-an pàápàá. Wọ́n ní òfin yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nínú igbó. Bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ta sílẹ̀ láyé.

Florjan Mohar bí ọmọ méjì. Lenart ni àkọ́bí, Jerica ni àbíkẹ́yìn. Kò sí ẹni tó rò pé ihò Mohar lè kọjá Lenart, nítorí obìnrin kì í dẹ polh ní Lipovka. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Máàsì, Florjan fa Jerica lọ́wọ́, ó mú un gun Reber, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí oòrùn ń pa lẹ́yìn abúlé. Ọwọ́ bàbá náà ti ń gbọ̀n nígbà náà. Ó gbá ewé sẹ́yìn lábẹ́ bukev tí àrá ti sán pa, ó sì fi ẹnu ihò hàn án, dúdú, tóóró, tó ń mí afẹ́fẹ́ tútù jáde.

Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo fi hàn. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ ń jò. Bí mo bá fi han òun, gbogbo Lipovka ni mo fi hàn yẹn."

Inú Jerica dùn dé ibi pé ojú tì í. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá wọn, ọdọọdún tí ó bá ti dẹ ẹ̀bìtì, tó bó awọ ẹran, tó pín in sí méjì, ìdajì á lọ sílé Lenart nínú ìkòkò tí wọ́n fi aṣọ bo lórí. Lọ́dún tí bukev bá so dáadáa, ìdajì náà máa ń pọ̀. Lọ́dún tí ó bá rí ẹran díẹ̀, ìdajì náà ni, á sì tún tọrọ àforíjì mọ́ ọn, á ní kí ìyàwó Lenart má bínú, ihò kò ṣe dáadáa. Lenart á gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, á ní Ọlọ́run á dá a padà fún un. Ní ilé ọtí Pepca wọ́n ń yin Jerica. Wọ́n ní àwọn kò rí irú àbúrò bẹ́ẹ̀ rí, tó jogún ohun tó yẹ ẹ̀gbọ́n, tí kò sì fi yangàn. Pepca fúnra rẹ̀, tí òun àti Jerica jọ jókòó lórí àga kan náà nílé ẹ̀kọ́, ló máa ń sọ ọ́ jù.

Nǹkan kejì tí Jerica fẹ́ràn ní Reber kì í ṣe ẹran. Kòkòrò ni. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ọmọ ewúrẹ́ nítorí ìwo rẹ̀, ìwo méjì tó gùn ju ara rẹ̀ lọ, tó ní ìdì irun dúdú ní oríkèé oríkèé. Àwọ̀ ojú sánmà tó ní eérú díẹ̀ nínú ni àwọ̀ rẹ̀, àmì dúdú mẹ́ta wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ó sì rí múlọ́múlọ́ bí àrán. Nínú oṣù Keje, tí oòrùn bá mú, á bọ́ síta lórí òkú igi bukev, á dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ya fọ́tò. Jerica á gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì lọ, á jókòó tì í. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ wà ní Austria, kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló ń wò.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Neda wá láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó igbó. Ó ní kòkòrò oníwo yẹn ti ń tán lọ láyé, ìjọba sì fẹ́ kí abúlé yọ apá kan sọ́tọ̀ fún un nínú igbó àjọní wọn. Wọn yóò fi wáyà yí i ká, ẹnikẹ́ni kò ní gé igi níbẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní dẹ ẹ̀bìtì níbẹ̀ mọ́, wọn yóò sì gba ọmọ abúlé kan ṣe olùṣọ́. Ibi tí abúlé bá yàn ni ìjọba yóò gbà.

Lipovka kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn kíákíá. Wọ́n ní kí Neda dúró de ọjọ́ Ẹjọ́. Ẹjọ́ yìí, eré ni. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí oṣù kan ṣáájú àkókò polh, gbogbo ọdẹ á kó jọ sílé ọtí Pepca, wọn á yan nǹkan méjì kí wọ́n bára wọn ṣẹjọ́, kí wọ́n mọ èyí tó ni igbó. Lọ́dún kan polh bá béárì ṣẹjọ́, lọ́dún mìíràn ó bá agbowó-orí. Agbẹjọ́rò méjì á sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á fi ṣíbí lu tábìlì fún ẹni tó bá wù wọ́n. Polh kò pàdánù rí. Lọ́dún yìí wọ́n ní kí polh bá kòkòrò Neda ṣẹjọ́. Bí kòkòrò bá jàre, kí wọ́n yọ ilẹ̀ fún un. Bí ó bá jẹ̀bi, kí Neda máa lọ sílé pẹ̀lú àlàáfíà.

Ọ̀sẹ̀ Ẹjọ́ gan-an ni Lenart wá sílé Jerica. Ó gbé oyin dání, nǹkan tí kò ṣe rí. Ó jókòó, ó yin sítóòfù, ó yin ológbò, ó wá ní òun lòun máa rojọ́ fún polh, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ rojọ́ fún kòkòrò. Ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò kan ṣoṣo bá rò kò ládùn. Ó ní ta ló mọ kòkòrò náà bíi Jerica?

Jerica ní òun kò lè ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá lọ jàre ńkọ́?"

Lenart rẹ́rìn-ín, ó ní polh kò pàdánù rí, ta ni Jerica tí yóò fi borí rẹ̀? Nígbà tó rí i pé ojú àbúrò òun kò tíì tú ká, ó fa àga sún mọ́ ọn. Ó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ó sì sọ ọ́ láì sọ ọ́, bí ọmọ Lipovka ṣe ń ṣe.

"Gbọ́, Jerica. Mi ò mọ ibi tí nǹkan rẹ wà, mi ò sì bi ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá tiẹ̀ wá di pé kí a yọ ilẹ̀, Dolina la máa yọ, kòtò ìsàlẹ̀ yẹn. Kò sí ẹ̀bìtì ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ti bá àwọn àgbà sọ ọ́. Mo fi ibojì ìyá wa búra."

Ọ̀rọ̀ ìyá wọn ló mú un. Ènìyàn tó bá fi ibojì ìyá rẹ̀ búra, kí lo tún fẹ́ kó fi búra? Jerica gbà. Oyin náà dára, ó fi mu tíì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ jọ fún kòkòrò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹjọ́ pé, ilé ọtí Pepca kún. Bàbá Gašper Turk, ọdẹ tó dàgbà jù, ọ̀rẹ́ Florjan nígbà ayé rẹ̀, ló jókòó lórí àga adájọ́, ọtí plọ́mù níwájú rẹ̀. Neda jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá eré ni àbí òótọ́. Lenart ló kọ́kọ́ dìde. Fìlà onírun polh ti Florjan ló dé.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wo orí mi. Fìlà yìí, polh ló fún wa. Ọ̀rá tí Bàbá Gašper fi ń pa orúnkún, polh ló fún wa. Ọbẹ̀ tó mú kí ìyàwó Pavle dúró tì í ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ má jẹ́ ká tanra wa, ojú Pavle kọ́, polh ni." Wọ́n lu tábìlì. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Sàtánì ló ń da polh nínú igbó, tó ń gé wọn létí sàmì. Bí kòkòrò bá níyì, kí ló dé tí Sàtánì kò fi dà á? Kòkòrò tí Sàtánì pàápàá kò fẹ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó bá ti fi kòkòrò rán fìlà rí, kó nàwọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Pavle fúnra rẹ̀, tó jókòó láàárín àwọn ọdẹ, fi da ọtí sí aṣọ. Jerica rò pé ó ti parí. Ó dìde, kò wo ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Igi kan náà làwọn méjèèjì ń jẹ. Polh ń jẹ ọmọ igi, kòkòrò ń jẹ òkú igi. Tí bukev kò bá so, polh kì í bímọ lọ́dún yẹn. Tí bukev kò bá kú, kòkòrò kò ríbi yé ẹyin sí. Polh ń sun oorun ju ìdajì ọdún lọ, ẹ ṣì ń yìn ín. Ọmọ kòkòrò yìí ń gbé inú igi lọ́dún mẹ́ta, mẹ́rin, nínú òkùnkùn, ó ń jẹ igi gbígbẹ. Ìgbà tó bá wá jáde sínú oòrùn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù fún un láyé. Polh rí yín, ó sá. Èyí kì í sá. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe òun níbi.

"Àwa ńkọ́? Oṣù Keje la ń gé bukev, a ó tò ó sínú oòrùn kó gbẹ. Ìyá kòkòrò á rí i láti òkèèrè, á ní Ọlọ́run ṣeun, ilé rèé. Á yé gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú rẹ̀. Tí ọ̀tútù bá dé, a ó gbé ilé náà sínú sítóòfù. A ò kórìíra rẹ̀ o. A kàn kọ́ ilé tó dára, a jẹ́ kó wọlé, a wá finá sí i. Mo ti jókòó ní Reber, mo ti rí wọn lórí òkú igi níbẹ̀, méjì méjì, tí wọ́n ń fi ìwo kan ara wọn. Wọn ò bẹ̀ wá ní nǹkan kan. Ẹran tí a ń jẹ la fẹ́ràn, ikùn wa la fẹ́ràn yẹn. Mo ní kí a fún wọn níbi kan tí ẹnikẹ́ni kò ti ní tàn wọ́n."

Bàbá Gašper ló kọ́kọ́ gbé ṣíbí, ó fi lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Pepca tẹ̀lé e láti ìdí káńtà. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo tábìlì ti ń dún. Polh pàdánù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, ojú Jerica kún fún omijé ayọ̀. Lenart bọ́ fìlà, ó dì mọ́ ọn, ó ní àbúrò òun ti dójú ti òun.

Wọ́n ní àparò fẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀rá. Ayọ̀ yẹn kò tíì tutù tí Bàbá Gašper fi béèrè pé ibo ni kí wọ́n yọ fún kòkòrò. Jerica ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Dolina. Lenart ló dìde.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká má ṣe é bí òmùgọ̀. Ẹni tó ro ẹjọ́ rẹ̀ ló mọ ilé rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán létí gbogbo wa. Reber ni."

Jerica wò ó. Ó sáré sọ pé kòkòrò náà wà ní Dolina pẹ̀lú. Neda dá a lóhùn jẹ́jẹ́ láti ẹ̀bá fèrèsé, ó ní Dolina kò rí oòrùn, kòkòrò yìí kò lè gbé níbẹ̀, Reber ni òun náà ì bá yàn bí wọ́n bá bi òun. Bàbá Gašper yí ojú sí Jerica, ó béèrè bóyá ó ní ìdí tí kò fi yẹ kó jẹ́ Reber.

Ìdí wà. Ó wà lábẹ́ bukev tí àrá pa. Ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ? Bó bá ní ihò òun wà níbẹ̀, ó ti tú àṣírí bàbá rẹ̀ sáàárín ọjà. Bó bá dákẹ́, ihò lọ. Ó wo ojú àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń wo inú ife ọtí wọn. Ó rò pé eré ti sú wọn ni. Ó ní òun kò ní ìdí kankan.

Lójú ọ̀nà ilé, Lenart sáré bá a, ó ní kó má bínú, ọ̀rọ̀ ló bọ́ lẹ́nu òun. Ó ní òun kò mọ̀ pé nǹkan kan wà ní Reber. Jerica gbà á gbọ́. Kí ni ì bá tún ṣe? Bàbá wọn ti sọ pé ẹnu rẹ̀ ń jò, ó sì ti jò. Òun ló sì ń tu Lenart nínú, ó ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, ẹyin lọ̀rọ̀. Nígbà tó délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ohun kan ṣoṣo tí Florjan fi sílẹ̀ fún un láyé, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló fi tà á fún wáyà.

Wọ́n na wáyà yí Reber ká kí àkókò polh tó ṣí. Lenart ni wọ́n gbà ṣe olùṣọ́, nítorí òun nìkan ló tọrọ iṣẹ́ náà. Ó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé, kọ́kọ́rọ́ ń dún lára bẹ́líìtì rẹ̀.

Àkókò ṣí. Jerica kò dẹ nǹkan kan, kò níbi tí yóò dẹ ẹ́ sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ kò gbà á, ó gun òkè lọ láti lọ wo ibẹ̀ láti ẹ̀yìn wáyà, bí ènìyàn ṣe ń lọ wo ilé tí wọ́n ti tà. Géètì ṣí sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Ó rò pé Lenart gbàgbé rẹ̀ ni. Ó wọlé láti pè é.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Lenart kúnlẹ̀ lábẹ́ bukev tí àrá pa. Ó ń yọ polh nínú ẹ̀bìtì, ẹran ti kún àpò rẹ̀. Ẹ̀bìtì náà kò wà káàkiri bí ti ẹni tó ń wá kiri. Ó dẹ wọ́n bí Florjan ṣe máa ń dẹ wọ́n: ọ̀kan lẹ́nu ihò, ọ̀kan lórí gbòǹgbò apá òsì, ọ̀kan lẹ́yìn òkúta níbi tí àlejò kò lè ronú kàn láé.

Jerica kò pariwo. Ó bi í pé ta ló fi ibẹ̀ hàn án.

Lenart kò fò sókè. Ó pa ẹ̀bìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé tán kó tó dáhùn. "Bàbá."

"Ìgbà wo?"

"Kó tó fi hàn ọ́. Mo ti ń dẹ ẹ́ ṣáájú rẹ, Jerica. Ó ní kí n jẹ́ kí o máa rò pé tìẹ ni. Ó ní ọmọbìnrin òun kò ní nǹkan míì."

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé sí Jerica lára. Florjan tó di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́nà Máàsì, tó ní ìwọ nìkan. Ó bi Lenart pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìgbà wo ló ń wá. Lenart ní kí àkókò tó ṣí ni, kí ó tó di pé Jerica, ẹni tó ń pa òfin mọ́, gbé ẹ̀bìtì jáde. Ó kọ́kọ́ ń kó, èyí tó bá ṣẹ́kù ni Jerica ń rí.

"Mo sì ń pín èyí tó ṣẹ́kù sí méjì fún ọ." Jerica ti gbàgbé ẹ̀yin tí a fi ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. "Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ."

"Mi ò ní kí o máa gbé e wá."

"Ibojì Màmá ńkọ́?"

Ojú Lenart pọ́n. Ó dìde, eruku ewé wà ní orúnkún rẹ̀. "Ó sú mi. Ṣé o gbọ́? Ó sú mi kí n máa yọ́ wọ ihò bàbá mi bí olè, kí gbogbo ayé sì máa yin ìwọ. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Ní báyìí mo ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Lọ sọ fún Neda tó bá wù ọ́. Á wá, á wo ihò, á kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo àgbáyé á mọ̀ ọ́n. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Jerica sọ̀ kalẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la ń sọ ọ́ fún ọmọ. Kò dín oró rẹ̀ kù lọ́jọ́ tó bá dé bá ni. Inú ń bí i débi pé kò mọ ìgbà tó kọjá ilé rẹ̀. Ó ti pinnu. Òun kò ní lọ bá Neda. Òun yóò tú u fún àwọn tó ni òfin. Bí àṣírí bàbá òun bá tú, kó tú. Bàbá náà kò pa á mọ́. Kí Lipovka gbọ́ ohun tí Lenart ṣe, kí ojú tì í dọ́jọ́ ikú.

Ọ̀sán ni, àwọn ọdẹ wà ní ilé ọtí Pepca tí wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ polh àkọ́kọ́ lọ́dún. Bàbá Gašper wà níbẹ̀, Pavle wà níbẹ̀. Jerica dúró láàárín ilé láì bọ́ kóòtù. Ó ní ihò Mohar wà ní Reber, lábẹ́ bukev tí àrá pa. Ó ní Lenart ti ń jí i kó láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti ń kó o kí àkókò tó ṣí, ó fi ọgbọ́n lo kòkòrò láti ti ihò náà mọ́ òun, ó sì wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí tó ń kó ẹran.

Ó sọ ọ́ tán, ó dúró. Ó ń retí kí ẹnu yà wọ́n.

Ẹnu kò ya ẹnikẹ́ni. Pavle rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Jerica wo ojú wọn láti tábìlì dé tábìlì, kò sí ẹyọ ojú kan tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tuntun létí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ti mọ̀."

Bàbá Gašper ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì tutù, kì í ṣe ènìyàn burúkú. "A máa ń rí i tó ń gòkè lọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ihò ẹlòmíràn ni. Ta ló fẹ́ la ẹnu?"

"Nígbà tí ẹ bi mí bóyá mo ní ìdí ńkọ́?"

Bàbá náà fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Jerica yíjú sí ìdí káńtà. Pepca ń nu ife kan tó ti mọ́. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ láìmọye ìgbà, pàápàá ìgbà tí Jerica bá ń gbé ìkòkò kọjá níwájú ilé. Ó ní òun kò mọ bí òun ìbá ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ ohun tó tún lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó bu ọbẹ̀ sínú àwo, ó gbé e wá síwájú Jerica, ó ní kó jókòó, kó jẹun, ojú rẹ̀ ti funfun jù.

Ọbẹ̀ náà ń gbóná. Jerica wò ó, ó wo àwo Pavle, ó wo àwo Bàbá Gašper, tí egungun wẹ́wẹ́ ti tò sí etí rẹ̀. Ó béèrè pé ta ló gbé ẹran wá fún ìkòkò lónìí.

Kò sí ẹni tó tún gbé ṣíbí.

Jerica so bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn. Láti kékeré ló ti ń pe Gašper ní Bàbá, láti kékeré ló ti ń pe Pepca ní orúkọ tí Pepca nìkan mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó tẹ orí ba díẹ̀, bí àwọn arìnrìn-àjò tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá wá béèrè ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Ọ̀gbẹ́ni Turk. Ẹ kú ọ̀sán, ìyá olọ́tí." Ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.